Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Èrò Mi Lórí Ìrìn-àjò Ọlọ́jọ́ Kan Ẹgbẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa lọ́dọọdún. Òun náà ni ibi tí a ó lọ fún ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan. Bí akọ̀wé bá ti ka ọ̀rọ̀ náà síta báyìí, ilé á pín sí méjì. Àwọn kan á ní etí òkun ni àwọn fẹ́ lọ, pé ìwé ti sú àwọn, kí atẹ́gùn fẹ́ sí àwọn lára. Àwọn kejì á ní Àgbádárìgì ni, pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá máa na owó ẹgbẹ́ sórí fàájì lásán. Ariwo á sọ, alága á lu tábìlì títí, a ó wá dìbò. Apá tí ó bá pọ̀ jù á borí, apá kejì á máa kùn títí ọdún á fi yí po.

Èrò tèmi ni pé òótọ́ wà lẹ́nu apá méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n fo ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé tí mo ń wí yìí ni Oníkàn àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Mélòó nínú wa ni ó ti gba Oníkàn kọjá nínú ọkọ̀ ní àìmọye ìgbà, tí kò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ rí? Ta ni nínú wa tí ó lè mú àlejò láti Oníkàn dé Ìgà Ìdúngànràn, kí ó sì sọ ìtàn ilé mẹ́fà péré fún un lójú ọ̀nà? Ẹni tí kò lè ṣe èyí, tí ó wá ń sáré lọ wá ìtàn ní Àgbádárìgì, ó dà bí ẹni tí ó fi omi sílẹ̀ nínú àmù tí ó ń gbé agbè lọ sódò.

LÁTI ONÍKÀN DÉ ÌGÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ rìn ín wò. Oníkàn ni Mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 1957. Kenneth Murray, òyìnbó tí ó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ni ó ṣe wàhálà rẹ̀ jù lọ, nítorí ó rí i pé àwọn ère àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ń bá ọkọ̀ òkun lọ sí òkè òkun, kò sì sí ẹni tí ó ń dá wọn dúró. Mùsíọ́ọ̀mù yìí kan náà ni wọ́n gbé ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 lọ, kí ará ìlú lè máa wò ó.

Ní òdìkejì rẹ̀ ni ilẹ̀ Dókítà John Randle wà. Ọ̀gbẹ́ni yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Èkó. Ní ọdún 1908, òun àti Dókítà Ọbasá ni wọ́n kó àwọn ará Èkó jọ sínú ẹgbẹ́ People's Union láti bá ìjọba òyìnbó fa ọ̀rọ̀ owó omi àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òun kan náà ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí Oníkàn ní ọdún 1928, kí àwọn ọmọ Èkó tí omi yí ká lè mọ bí a ti ń wẹ̀ nínú omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ adágún yìí sọ́kàn, nítorí mo ṣì ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀. Orí ilẹ̀ yìí ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ilé ńlá kan sí fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, tí wọ́n fi orúkọ Randle sọ. Ààrẹ Muhammadu Buhari ni ó ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2023. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò bá tíì dé ilé tí a kọ́ nítorí ìtàn Yorùbá, ibo ni a ń sáré lọ?

Bí a bá kúrò níbẹ̀, Pápá Tafawa Balewa kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Pápá ìdíje ẹṣin ni ibẹ̀ láyé àwọn òyìnbó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ tí wọ́n sì fa tiwa sókè ní òru mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó kan Freedom Park. Ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1872 ni wọ́n kọ́kọ́ fi amọ̀ àti koríko kọ́ ọ; ní 1885 ni wọ́n fi bíríkì tún un kọ́. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà mọ inú rẹ̀. Láti ọdún 2010 ni ó ti di ọgbà tí ènìyàn lè jókòó sí kí ó máa gbọ́ orin. Ẹ wo bí ayé ti ń yí!

A ó wá gba Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì, tí òyìnbó ń pè ní Marina. Àmì ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà nínú Kàtídírà tí ó wà níbẹ̀, Crowther tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Gbogbo àwa tí à ń kọ èdè yìí sílẹ̀ lónìí, gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn wa. A ó yà sí Kakawá, níbi ilé ìdílé da Rocha tí wọ́n ń pè ní Water House, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta omi kànga fún ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó dé. A ó dé Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Ọwọ́ ọ̀mọ̀lé Àgùdà, ìran àwọn tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà wá sílé, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí yìí. Súlútáánì ilẹ̀ Tọ́kì ni ó sì fi oyè Bey dá Mohammed Shitta tí ó ni ín lọ́lá. Láti ibẹ̀ ni a ó ti wọ Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìgà Ìdúngànràn, ilẹ̀ tí ìtàn sọ pé oko ata Àrómirẹ ni tẹ́lẹ̀.

Ìgà yìí gan-an ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìrìn-àjò yòókù. Ní ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ lé Ọba Akítóyè kúrò lórí ìtẹ́. Níkẹyìn, Àgbádárìgì ni Akítóyè lọ fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ó sì ti bá àwọn òyìnbó ṣe àdéhùn ìrànlọ́wọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, Kòsọ́kọ́ sá gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852 ni Akítóyè fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti parí ní Èkó. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Dòsùmú ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé mìíràn tí ó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé ẹ rí i pé ìjà inú ilé kan ṣoṣo ni ó so Ìsàlẹ̀ Èkó, Àgbádárìgì àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀? Ẹni tí kò bá gbọ́ ti ilé, kò ní mọ ohun tí ó ń wò lẹ́yìn odi.

IBI TÍ A FẸ́ LỌ KÌ Í DÚRÓ DÈ WÁ

Àwọn kan á sọ pé Ìsàlẹ̀ Èkó kò lọ ibì kankan, pé ọjọ́ tí ó bá wù wá ni a lè yà síbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba hú itẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀, níbi tí àwọn ẹni iyì Èkó àtijọ́ sùn sí. Ilé kan wà ní Ìta Tinúbú tí wọ́n ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní ọdún 1933. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ ìsinmi kan báyìí, wọ́n wó o palẹ̀. Kí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tó sáré débẹ̀, erùpẹ̀ ni wọ́n bá.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ilé yìí títí. Òfin wà lórí rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, òfin kò sì gbà á. Kí ni ó fà á? Ní tèmi, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí ó mọ iyì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọgọ́rọ̀ ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sọ́jà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ilé àlàpà ni wọ́n ń rí. Ìdílé tí ó ni ilé àtijọ́ ni ìnáwó àtúnṣe ń jẹ níyà, kò sì sí ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn wọn láti sọ pé, "Ẹ kú ìtọ́jú o, a wá wo ilé yín." Bí ilé bá ń rí àlejò lóṣooṣù, tí àwọn ọmọ ilé ń rí owó díẹ̀ àti iyì gbà nídìí rẹ̀, yóò ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó gbé katakata lọ wó o ní ọjọ́ ìsinmi. Ojú tí ó ń wo nǹkan ni odi tí ó yí nǹkan náà ká. Nítorí náà, kì í ṣe fàájì lásán ni ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan, ìṣọ́ ni.

ÀGBÁDÁRÌGÌ: A KÒ LỌ TORÍ FỌ́TÒ

Èmi kò sọ pé kí a má lọ sí Àgbádárìgì o. Àrìnjìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí mo ń bá jà ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ. Ọkọ̀ á pẹ́ kó tó gbéra. Ìlù á máa dún nínú ọkọ̀ títí a ó fi dé. A ó ya fọ́tò nídìí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ìjọ C.M.S. parí ní ọdún 1845. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fù. A ó dúró níbi àrèmábọ̀, a ó tún ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. A ó jẹ ráìsì, a ó padà. Ní ibi tí wọ́n ti kó ọmọ ènìyàn lọ tí wọn kò bọ̀ mọ́, ẹ̀rín kín ni à ń rín?

Àgbádárìgì ní ẹ̀kọ́ tí ó le ju ti fọ́tò lọ. Ẹ wọ ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass. Ìtàn ọkùnrin yìí ni pé ọmọ Ìjogà-Orílé ní ilẹ̀ Yewa ni, wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, ó dé Bùràsíìlì. Nígbà tí ó padà dé, òun náà di olówò ẹrú. Ó di ẹni ńlá, ó di Sẹ̀ríkí, ó kú ní ọdún 1919, ibojì rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn amọ̀nà sọ pé 40 ni yàrá tí wọ́n ń kó ẹrú sí nínú ọgbà náà. Ẹni tí wọ́n so ní ẹ̀wọ̀n lánàá ni ó ń so ọmọ ẹlòmíràn lónìí. Ẹ sì rántí pé Ẹfúnróyè Tinúbú, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ìta tí a gbà kọjá ní Èkó, òun náà ta ẹrú kí ó tó di akọni obìnrin tí Ẹ̀gbá ń fi yangàn.

Ó rọrùn láti dúró sí etí òkun kí a máa bú òyìnbó. Òyìnbó jẹ̀bi, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó mú àwọn ènìyàn náà láti oko wọn dé etí omi? Ogun ta ni ó kó wọn? Ìdílé ta ni ó jẹ èrè rẹ̀? Àwa tí à ń kọ́ ìtàn àti èdè ni ó yẹ kí a lè bi irú ìbéèrè yìí láìbínú, láìtijú. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń júwe ilé baba rẹ̀ kò gbọdọ̀ fo yàrá kankan.

Ohun mìíràn tún wà. Ọmọ Ègùn ni ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Wọ́n ní èdè tiwọn, wọ́n ní ọba tiwọn, àwọn ni wọ́n ni Sàngbétò. Bí ẹgbẹ́ Yorùbá bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí a má ṣe bí ẹni pé ilé wa ni a wà. Kí a kọ́ ìkíni wọn ní ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta kí a tó lọ. Àlejò tí ó kí onílé ní èdè onílé, àga ni wọ́n ń fún un.

Bákan náà ni kí a kọ́ láti máa fetí sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. Amọ̀nà lè sọ fún wa pé agboòrùn kan ni wọ́n fi ń ra 40 ẹrú. Ó lè fi kànga kan hàn wá pé omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹrú mu kí ó lè gbàgbé ilé. Kí a má bá a jà, kí a má sì gbé e mì bẹ́ẹ̀. Kí a béèrè: ta ni ó sọ fún ọ? Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń sọ ọ́? Bóyá ohun tí ìtàn kànga náà ń sọ fún wa jù ni bí ọkàn àwọn tí ó ṣẹ́kù sílé ti rí, nítorí ó ní láti jẹ́ pé ó dùn wọ́n láti gbà pé ọmọ wọn lè lọ tí kò ní bojú wẹ̀yìn. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún wa bí a bá lọ wo yàrà Ẹ̀rẹ̀dò náà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú. Yàrà yìí gùn ju 160 kìlómítà lọ ní àyíká rẹ̀, ibòmíràn sì wà tí ó jìn tó 20 mítà. Orúkọ Bílíkísù Súngbọ́ ni wọ́n fi ń pè é, àwọn kan sì ń sọ pé òun ni ayaba Ṣébà inú Bíbélì. Àwọn awalẹ̀pìtàn fi yé wa pé yàrà náà kò tíì tó ọdún 1,500, bẹ́ẹ̀ ni ayé Sólómọ́nì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe àbùkù fún Ìjẹ̀bú. Àwọn baba wa tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ irú yàrà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ṣètò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sídìí iṣẹ́ kan, kí ni wọ́n fẹ́ fi ògo ayaba ilẹ̀ òkèèrè ṣe?

ETÍ ÒKUN NÁÀ NÍ Ẹ̀KỌ́

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ó fẹ́ràn etí òkun ti ń fojú burúkú wò mí. Ẹ fara balẹ̀. Ìsinmi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni etí òkun kì í ṣe ibi tí kò ní ìtàn. Bar Beach ni àwọn òbí wa ń lọ ní ọjọ́ ọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, ọ̀gá adigunjalè, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, tí èrò rẹpẹtẹ ń wòran. Bar Beach ọjọ́ náà dà lónìí? Òkun ti jẹ ẹ́. Ìlú tuntun Eko Atlantic ni wọ́n da yanrìn lé lórí níbẹ̀.

Kí ni ó mú kí òkun jẹ ẹ́? Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba òyìnbó to òkúta sínú òkun ní ẹnu ọ̀sà Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìfi ara gbá yanrìn. Ìgbì òkun wa a máa gbé yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Òkúta wọ̀nyí dí ọ̀nà mọ́ yanrìn náà. Yanrìn wá kó jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn. Apá ìlà oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì ń gbé èyí tí ó wà níbẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ ààbò òkúta yìí kan náà ni Tarkwa Bay wà, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi tutù nínú tí gbogbo wa fi fẹ́ràn ibẹ̀. Ohun tí ó fún wa ní Tarkwa Bay ni ó gba Bar Beach lọ́wọ́ wa. Mélòó nínú àwọn tí ó ń jó lórí yanrìn ibẹ̀ ni ó mọ èyí? Mélòó ni ó sì bi àwọn ará abúlé ibẹ̀ léèrè bí ó ti rí fún wọn ní oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ológun orí omi lé wọn kúrò nínú ilé wọn?

Ìbẹ̀rù mi jù lọ nípa etí òkun ni ti ẹ̀mí. Ọdọọdún ni a ń gbọ́ pé òkun gbé ọ̀dọ́ lọ ní àkókò ọdún. Àwọn àgbà sọ pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ìgbì tí ó ń padà sẹ́yìn lè fa ẹni tí omi kò ju orúnkún rẹ̀ lọ. Ibí ni mo ti padà sórí adágún Dókítà Randle. Láti ọdún 1928 ni ọkùnrin náà ti rí i pé ìlú tí omi yí ká kò gbọdọ̀ bí ọmọ tí kò lè lúwẹ̀ẹ́. Títí di òní, ẹ pe ogún akẹ́kọ̀ọ́ jọ kí ẹ bi wọ́n, ẹ ó rí iye tí yóò nawọ́. Bí ẹgbẹ́ wa bá máa lọ sí etí òkun, kí ó kọ́kọ́ ṣètò kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ó má wọ ọkọ̀ ojú omi, ìbáà ṣe alága.

ÀWỌN TÍ YÓÒ TAKÒ MÍ

Mo ti ń gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ. Àkọ́kọ́, wọ́n á ní Ìsàlẹ̀ Èkó kún fún ọmọọ̀ta, pé wọ́n á dá wa lọ́nà. Mo dáhùn pé bí ènìyàn bá ti wọ ìlú ni ìlú ṣe ń gbà á. Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó wà nínú ẹgbẹ́ wa. Kí àwọn ṣáájú lọ kí àwọn àgbà àdúgbò, kí wọ́n mú obì dání, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí a ń bọ̀. Kí a má ya fọ́tò Ìgà tàbí ojúbọ kankan láìgba àṣẹ. Bàbá tí a kí ní àná kò ní jókòó lójúde kí ó máa wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń dá àlejò rẹ̀ lọ́nà.

Èkejì, wọ́n á ní ìdárayá ni àwọn wá, pé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù. Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé ẹ̀kọ́ àti ìdárayá kò lè jọ rìn? Ẹni tí ó bá ti jókòó pẹ̀lú ìyá arúgbó kan ní Pópó Àgùdà, tí ìyá ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣọdún láyé ìgbà tí òun wà lọ́mọdé, ó mọ̀ pé ẹ̀rín máa ń wà níbẹ̀ ju inú ọkọ̀ tí ìlù ń dún lọ.

Ẹ̀kẹta ni ti owó. Ibí gan-an ni mo ti borí. Láti Oníkàn dé Ìgà, ẹsẹ̀ ni ọkọ̀. Owó tí a fi ń háyà bọ́ọ̀sì méjì lọ sí ọ̀nà jíjìn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó láti rin ìrìn Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó tún kù.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Ìmọ̀ràn mi rèé. Kí ìrìn-àjò ẹgbẹ́ má jẹ́ ẹyọ kan mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tuntun rin Oníkàn dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn náà kí a lọ sí Àgbádárìgì. Ní sáà kejì, kí a lọ sí Ẹ̀pẹ́, tàbí kí a wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó ti ń rìn láti ọdún 2021 lọ sí Abẹ́òkúta, kí a wo Olúmọ, kí a sì dé ìlú tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859. Ìwé ìròyìn tí à ń kà yìí, ọmọ ọmọ tirẹ̀ ni. Nígbà tí ìdánwò bá parí, kí a wá lọ sí etí òkun, kí a jẹ, kí a mu, kí a jó. A ti ṣiṣẹ́ fún un nígbà náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ fún wa ní wákàtí kan ṣáájú ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ ohun tí a ń lọ wò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìbéèrè kan ṣoṣo dání, kí ó má padà láìrí ìdáhùn tàbí kí ó mọ ìdí tí kò fi rí i. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ fún iṣẹ́ náà ní máàkì.

Kí ohun tí a bá sì rí má kú sínú fóònù wa. Kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ bí wọ́n bá fún wa láyè, kí a kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí ìwé yìí tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà, kí a mú ẹ̀dà kan padà lọ fún onílé tí ó gbà wá lálejò. Ẹ̀ẹ̀melòó ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti dáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́, tí wọn kò gbúròó ìwé kankan mọ́? Bí a bá wá jẹ, tí a kò dúpẹ́, ọdún tí ń bọ̀ ilẹ̀kùn lè tì.

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n àfojúbà kò sí mọ́ níbi tí katakata bá ti kọ́kọ́ dé. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tí mo dárúkọ sókè yìí ṣì ń bẹ lórí ìdúró bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀, nígbà tí akọ̀wé bá tún ka ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò síta, èmi yóò dìde, n ó sì dábàá Oníkàn. Mo ń retí ẹni tí yóò kín mi lẹ́yìn. Ire o.